Àmì Tuntun Ilé Tokunaga

Orí àkàbà ni Seigo wà nígbà tí Chizuru kọ́kọ́ rí i, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1972. Ó ń fi aṣọ tútù nu àmì àtijọ́ tó wà lára ògiri ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó ń ṣe omi sóyà tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, ní ìlú Tatsuno ní Japan, ó ń nù ún jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Òdòdó kan ni, tó kún fún ìlà wẹ́wẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọ́fíìsì wà?" Chizuru bi í. "Osaka ni mo ti wá. Èmi ni wọ́n ní kó wá ya àmì tuntun."

Seigo wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ò bá tètè dé kí n tó gun òkè."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Chizuru fi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bọ̀. Kí òtútù tó mú, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Àmọ́ Bàbá Tokunaga, bàbá Seigo, kọ̀ jálẹ̀. "Àmì yẹn la gbẹ́ sára ibojì bàbá ńlá mi. Ẹni tó wá pa á rẹ́ ò lè jẹ́ ìyàwó ilé yìí."

Seigo bẹ Chizuru. "Olólùfẹ́ mi, ṣáà sọ fún àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ tó pè ọ́ wá pé ti àtijọ́ dára. Inú Bàbá á rọ̀."

Chizuru mi orí. "Kò dára mọ́, Seigo. Tí mo bá fi ọwọ́ mi purọ́ kí n lè fẹ́ ọ, irú ìyàwó wo lo fẹ́ yẹn?"

Òdòdó kan náà ló yà, ó yọ gbogbo ìlà kúrò, ó kun ún ní pupa. Àwọn olùdarí gbà á. Ó padà sí Osaka. Ọdún méjì, lẹ́tà nìkan ló ń so òun àti Seigo pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Tokunaga fúnra rẹ̀ dé ọ́fíìsì Chizuru. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

"Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan lánàá," ó ní, "mi ò mú awò ojú dání. Ìgò wa nìkan ni mo dá mọ̀, òdòdó pupa tí o yà ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n." Ó tẹrí ba fún un. "Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Seigo ò jẹun bó ṣe yẹ. Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá."

Nígbà tí wọ́n kọ orúkọ sórí ìwé ìgbéyàwó lọ́dọ̀ ìjọba, ó ku àyè ẹlẹ́rìí. Bàbá yọ òǹtẹ̀ tó fi ń tẹ orúkọ rẹ̀ lápò, àmọ́ kò rí àyè náà dáadáa.

"Chizuru, bá mi di ọwọ́ mi mú. Mi ò fẹ́ kó wọ́."

Àwọn méjèèjì jọ tẹ̀ ẹ́.