Ta Ló Ń Kàn Nínú Àgbá?

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ jí ní òwúrọ̀ Sátidé. Inú àgọ́ ló sùn sí, nínú igbó.

Ó yọ orí síta. Kò rí igi. Kò rí odò. Kùrukùru ti bo gbogbo rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ti dáná. Púlọ́ńbà ni Bàbá, kì í sọ páìpù nù. Ó ti fi àgbá irin àtijọ́ kan ṣe ohun tí yóò máa se omi fún wọn.

Garawa omi tútù wà lórí kùkùté lọ́hùn-ún. Rọ́bà gígùn gba ilẹ̀ láti ibẹ̀ wá sí ìdí àgbá. Nínú àgbá, páìpù lọ́ yí iná ká bí ìkarahun ìgbín.

Omi tútù ń wọlé. Omi gbígbóná ń jáde sínú báàfù. Ṣòòòò.

Jàbúú!

Rìbìtì ti já sínú odò. Àbúrò Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ ni Rìbìtì. Ó sanra díẹ̀, ká má purọ́.

Bàbá sáré gbé e jáde. Ara Rìbìtì tutù bíi yìnyín. Ètè rẹ̀ le, kò lè sọ̀rọ̀. Eyín rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Kẹ-kẹ-kẹ-kẹ.

"Ó gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná wẹ̀ kíákíá," Bàbá wí. Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó gbé e jìnnà sí iná kó má baà jó. "Jókòó síbí. Má kúrò níbí o."

Rìbìtì jókòó. Kùrukùru bo òun náà.

Ṣòòò. Ṣòò. Tó. Tó.

Omi ò jáde mọ́.

"Ó dà bíi pé omi garawa ti tán," Bàbá wí fún Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì. "Mò ń lọ pọnmi. Má fọwọ́ kan àgbá yẹn o."

Kùrukùru gbé Bàbá náà lọ.

Igbó dákẹ́.

Kọ́ọ́. Kọ́ọ́. Kọ́ọ́.

Ẹnì kan ń kàn. Inú àgbá ló ti ń kàn.

"Ta nìyẹn?" Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ bi í.

Kọ́ọ́.

Orí rẹ̀ wú. Ó fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n òtútù ń mú Rìbìtì, báàfù ò sì tíì kún.

Ó wo rọ́bà tó wà nílẹ̀. "Àfàìmọ̀ kí omi yìí má ti há síbì kan," ó wí fún ara rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó di rọ́bà náà mú. Ó ń tọ̀ ọ́ lọ. Ó ń tọ̀ ọ́ lọ nínú kùrukùru.

Lẹ́yìn rẹ̀: Kọ́ọ́. Kọ́ọ́.

Níwájú rẹ̀: Kẹ-kẹ-kẹ-kẹ.

Síbẹ̀ ó ń tọ̀ ọ́ lọ.

Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan kan.

Ó tutù. Ó rọ̀. Ó ń gbọ̀n.



Nǹkan náà mira. Ó ní ìka. Ìka ẹsẹ̀ ni!

"Rìbìtì?"

Rìbìtì ni. Ó jókòó gbọin-gbọin lórí rọ́bà.

"Dìde, jàre," Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ wí. "Omi tó o fẹ́ fi wẹ̀ lo jókòó lé lórí."

Rìbìtì mi orí. Wọ́n ní kó má kúrò níbẹ̀, kò sì ní kúrò.

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó fà á. Ó tún fà á. Ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Rìbìtì dìde.

Gbulu-gbulu-gbulu! Omi sáré gba inú rọ́bà lọ.

Fùùùùù! Àgbá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó kàn mọ́.

Ṣòòòòò.

Bàbá dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Ó wo garawa tó ṣì kún. Ó wo ibi tó ní kí Rìbìtì jókòó sí. Ó họrí.

"Èmi náà ni mo fi í sórí rọ́bà," ó wí. "Odidi púlọ́ńbà."

"Ta ló wá ń kàn nínú àgbá?" Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ bi í.

"Omi ni. Ó ń hó nínú páìpù, kò rọ́nà lọ. Ìwọ lo là á lọ́nà."

Bàbá fi omi tútù la omi inú báàfù. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò. Ó gbé Rìbìtì sínú báàfù.

Kẹ-kẹ-kẹ. Kẹ-kẹ. Kẹ.

Eyín Rìbìtì sinmi. Ètè rẹ̀ rọ̀. Ó la ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "àyè ṣì wà níbí. Máa bọ̀."