Ẹkún Ẹ̀tàn Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ na irin rélùwéè dé ilẹ̀ Haúsá, kò sí aláwàdà tó Àtàndá, bàbá àwọn ìbejì kan, ní gbogbo Ẹdẹ. Ó lè sín ajẹ́lẹ̀ jẹ, ó lè sín oníwàásù jẹ, ó lè sín ewúrẹ́ tí òjò pa jẹ. Bí ó bá ti mu ẹmu yó, gbogbo àdúgbò ni yóò yí i ká. Ẹ má rò pé mo ń yìn ín o. Ẹ̀rín ni ó fi ń bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀mùtí ni, irọ́ kò sì ṣòro lẹ́nu rẹ̀ ju itọ́ lọ.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Jacob, káfíńtà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń ṣe é bọ̀. Jacob kì í yéé sọ fún un pé kí ó ronú pìwà dà. Àtàndá a ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kò ní sá lọ, ẹmu ni ó máa ń kan bí ó bá pẹ́.

Ní ọdún kan, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí iṣẹ́ sì dínkù, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sáríà láti lọ sinmi. Wọn kò lọ tajà. Wọ́n kàn fẹ́ fi ojú rí ìlú onílùú ni. Wọ́n rí ràkúnmí, Àtàndá sì sín in jẹ títí àwọn Haúsá fi ń nu omijé ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n òtútù ilẹ̀ ibẹ̀ wọ Jacob láyà. Nígbà tí wọn yóò fi máa bọ̀ wálé, ó ń wúkọ́, ara rẹ̀ sì ń gbóná bí ààrò.

Ọkọ̀ kún. Ní Ilọ́rin, àwọn èrò tún já wọlé tẹrù tadìyẹ. Jacob ti sùn lọ níbi tí ó ká jọ sí, kò sí àyè tí ó lè na ẹsẹ̀. Àtàndá wò ó, àánú ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àánú ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó fà yọ nínú àánú náà, ọgbọ́n èṣù ni.

Ó fa aṣọ bo Jacob láti orí dé ẹsẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó fi igbe ta. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ti kú, òun sì ń gbé e lọ sílé kí wọ́n lè sin ín sí àgbàlá baba rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń kà á, o mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe lára wa. Ta ni ń fẹ́ kí a sin òun sí ìdálẹ̀? Kíá ni bẹ́ǹṣì ṣófo. Wọ́n na Jacob gbọọrọ. Àwọn ọkùnrin dúró yí i ká kí gáàdì tí ń ṣọ́ ọkọ̀ má baà rí òkú kí ó sì lé wọn sílẹ̀. Sàrátù, ìyá kan tí ń ta obì, sunkún bí ẹni pé òun ni ó bí i. Wọ́n rọ ọtí fún Àtàndá pé kí ó fi tu ara rẹ̀ nínú. Ó ń fi ojú kan sunkún, ó ń fi èkejì wo ìgò. Ó mu, ó kì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tún mu. Kí wọ́n tó kọjá Ọ̀fà, ó ti sùn fọnfọn.

Ìgbà náà ni Jacob jí. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ, ohùn tín-ín-rín kan sì ní, "Ẹ fún mi lómi."

Sàrátù ni ó kọ́kọ́ rí i. Omi wà nínú kèrègbè rẹ̀, bí ó bá na ọwọ́ báyìí, yóò kan Jacob lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bu omi fún òkú? Ó ju kèrègbè sílẹ̀, gbogbo wọn sì sá jọ sí igun kan, wọ́n ń gbàdúrà. Wọ́n pe Àtàndá títí, ọtí kò jẹ́ kí ó dáhùn. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Ìkìrun, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì lọ wọ yàrá mìíràn lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Jacob nìkan ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi lábẹ́ aṣọ.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Òṣogbo nígbà tí Àtàndá lajú. Ó rí i pé gbogbo ibẹ̀ ṣófo, ẹ̀rín gbé e. "Jacob, dìde o, gbogbo ọkọ̀ ti di tiwa." Ó ká aṣọ náà.

Ojú Jacob ti jìn lọ. "Mo pè ọ́ títí," ni ó wí.

Àtàndá sáré bu ìyókù omi inú kèrègbè sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn jáde ni. Jacob di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọ̀dọ̀ Jésù ni mò ń lọ, ọkàn mi balẹ̀. Ìwọ ni mi ò mọ ibi tí ò ń lọ." Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé Ẹdẹ, Ìyábọ̀ aya Jacob wà ní téṣàn pẹ̀lú àwọn ará ilé, ó pọn Bọ́lánlé ọmọ rẹ̀. Àtàndá já bọ́ sílẹ̀, ó ké pé Jacob ti kú.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan ní ẹkún ti ọ̀tẹ̀ yìí dùn ju gbogbo èyí tí ó ti ń ṣe lọ. Ó búra, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yí nílẹ̀, wọ́n ní kí ó tún yí i. Ìyábọ̀ ní, "Ẹ kú eré o, Bàbá Ìbejì. Bàbá Bọ́lánlé dà?" Ó gun inú ọkọ̀ lọ, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí ó ń sọ pé, "Ẹ dìde, a ti délé." Ó tún un sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò gbọ́ nǹkan kan títí igbe rẹ̀ fi sọ.

Nígbà tí wọ́n sin Jacob tán, Àtàndá kò lè jẹun mọ́. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyábọ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, ti aṣọ, ti ọtí, ti omi. Ìyábọ̀ tú ọmọ sílẹ̀, ó tún un pọ̀n.

"Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ dárí jì yín, kò tíì ṣeé ṣe. Bí mo bá ní mo ti ṣe é, irọ́ ni mo pa, irọ́ sì ti tó láàárín wa. Ẹ má jókòó dè mí. Ẹ tọ Ẹni tí ó lè ṣe é lónìí lọ."

Ibẹ̀ náà ni Àtàndá kúnlẹ̀ sí nínú erùpẹ̀. Kò sín ẹnikẹ́ni jẹ. Ó ní, "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Èmi ni mo fa ikú ọ̀rẹ́ mi. Ṣàánú mi nítorí Jésù." Olúwa sì gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, ẹmu kò kàn án lẹ́nu mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí Ìyábọ̀ tó lè sọ pé òun dárí jì í, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àlàáfíà Ọlọ́run kò fi Àtàndá sílẹ̀. Ọ̀fọ̀ Jacob náà kò sì fi í sílẹ̀.

Ìwọ ń kọ́? Bóyá o kò mutí. Bóyá irọ́ tìrẹ kékeré ni, o fi wá àyè ìjókòó lásán. Àwọn kan tí o ṣẹ̀ kò tíì lè dárí jì ọ́. Àwọn mìíràn ti wọ ilẹ̀ lọ, ẹ̀bẹ̀ rẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Jésù, tí ó kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ tí ó sì jí dìde, ń gbọ́ ọ nísinsìnyí. Pa ìwé yìí dé, kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Má wá ọ̀rọ̀ dídùn kankan. Sọ òótọ́ ara rẹ fún Un, bí ó ti wù kí ó burú tó, kí ilẹ̀ òní tó ṣú.