Èèkù Idà Tẹjúmádé

Àpótí wà níbi tó gbé e sí lábẹ́ káńtà, aṣọ tó fi dì í náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èèkù idà ti lọ. Tẹjúmádé gbọn aṣọ náà títí, bí ẹni pé irin lè há sínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn páìpù tó ń tà ní ọjà Ndogbong ní Douala, ó bú sẹ́kún.

Ẹ má fi ẹkún obìnrin yìí ṣẹ̀sín. Lóòótọ́, ohun ìṣeré ni, àfarawé idà oníná táwọn jagunjagun inú fíìmù máa ń fì fìrìfìrì. Èèkù lásán ló rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irin gbọọrọ kan tí kò lójú. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di nǹkan. Ó fi awọ bẹ́líìtì bàbá rẹ̀ wé ibi ìdìmú, ó gé rọ́bà páìpù ṣe òrùka sí i lọ́rùn, ó sì fi ẹnu ìgò gáàsì ìdáná tó ti bàjẹ́ àti nọ́ọ̀tì bàbà rẹ̀ ṣe ìdérí ibi tí bátìrì ń gbé. Àwọn tó ń ya fíìmù ní Kotto ń wá ẹni tí yóò máa ṣe ohun ìjà fún wọn, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ yan onítọ̀hún nínú gbọ̀ngàn kan ní Bonamoussadi. Iṣẹ́ yẹn ni Tẹjúmádé ń lá lálàá. Láìsí èèkù, kí ló fẹ́ fi hàn wọ́n?

"Ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí mo lọ sí ìpàdé àdúrà lánàá?" Ó bi Nàfíù tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ọláòtán nìkan ni. Ó ní òun fẹ́ dúró dè ẹ́. Nígbà tó ń jáde, ó gbé búrẹ́dì gígùn kan dání nínú pépà. Mo ní, ẹ gé díẹ̀ fún wa jẹ. Wàá rò pé ọ̀bẹ ni mo yọ sí i! Ó fò sórí bendskin, ọlọ́kadà gbé e lọ."

"Ṣé ó mú búrẹ́dì wọlé?"

Nàfíù ronú. "Ọwọ́ òfìfo ló mú wọlé."

Ọláòtán! Kí Tẹjúmádé tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ idà oníná, ọkùnrin yìí ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Idà olówó ńlá ni tirẹ̀, wọ́n ti ṣe é parí kó tó rà á. Ọjọ́ tí obìnrin náà gbé tirẹ̀ jáde, gbogbo ẹgbẹ́ pa ti Ọláòtán tì bí ọbẹ̀ tó kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ kúuṣẹ́, ó délé, kò lè jẹun. Ibà kọ́ ló mú un o, owú ni, owú burúkú, tí kì í jẹ́ kí èèyàn rí oorun sùn.

Nígbà tí Tẹjúmádé àti Nàfíù mú ẹjọ́ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá, Inspẹ́tọ̀ Marguerite kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ohun ìṣeré?"

"Iṣẹ́ mi ni, madame."

Inspẹ́tọ̀ wo ojú rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀. Òun, Tẹjúmádé àti Nàfíù gba ilé Ọláòtán lọ ní Kotto. Bí wọ́n ṣe ń kan ìlẹ̀kùn iwájú ni ti ẹ̀yìn dún gbàgà. Bernice, ìyàwó Ọláòtán, ṣílẹ̀kùn, ẹnu ń yà á. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá jáde ni. Àtàná ló ti ń tan iná kan níwájú dígí. Ó ní òun ń lọ sí Bonamoussadi."

Wọ́n bá a nínú gbọ̀ngàn, níwájú àwọn onífíìmù. Ó ti kun èèkù náà ní pupa. Ó ń tẹ̀ ẹ́, kò tàn, ó sì ti yọ ẹ̀mú sí i.

"Ta ló ni eléyìí?" Marguerite fi Faransé bi í.

"Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é."

"Kí ló dé tí kò tàn?"

"Bátìrì ló tán."

"Ìwọ lo ṣe é. Ó yá, ṣí i."

Ọláòtán yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ sí òsì. Ó ń le sí i. Ó fi ẹ̀mú dì í, ó yí i tagbáratagbára, ọ̀dà pupa ń ṣí lọ lórí bàbà. Òógùn bò ó. Marguerite tẹjú mọ́ nọ́ọ̀tì náà, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Nílé rẹ, ta ló ń pààrọ̀ gáàsì?"

"Ìyàwó mi."

"Mo ti mọ̀. Madame, ẹ gbà á."

Tẹjúmádé gbà á, ó yí i sí ọ̀tún. Bí nọ́ọ̀tì gáàsì ṣe máa ń ṣí nìyẹn, gbogbo ẹni tó ń dáná ní Douala ló mọ̀. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Ó ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, iná búlúù sì tàn kárí gbọ̀ngàn. Àwọn èèyàn hó yèè.

Ọláòtán fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nàfíù ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀ọ̀dá, búrẹ́dì wa dà?"

Ìgbà tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ló jẹ́wọ́. "Mo jowú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún un, bíi kí wọ́n máa gbá mi létí ni."

Ọ̀gá àwọn onífíìmù ti ń bi Tẹjúmádé ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó di èèkù rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń fi ìka nu ọ̀dà kúrò lára awọ bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń mú Ọláòtán kọjá, ojú ọkùnrin náà kò kúrò lára iná yẹn.

"Báwo lo ṣe ṣe é?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," Tẹjúmádé dáhùn, "ká ní ẹ ti bi mí tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti kọ́ yín."

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò pa á lẹ́kún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á lẹ́kún.