Dígí Àwọn Tó Gbẹ́ Sàréè Ọba

Ọgbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Turgun kò gbẹ. Ohun tí Samura kọ́kọ́ rí nìyẹn lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ wọlé dé, ó sì fojú fò ó, nítorí ayọ̀ ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Ó ti lé lógún ọjọ́ tí Ọba àwa ẹ̀yà Hun ti kú, ọba tí àwọn ará Róòmù ń fi wúrà bẹ̀ kó má bàa wá kí wọn nílé. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo ọkùnrin ibùdó fi ọ̀bẹ ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, torí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin la fi ń ṣọ̀fọ̀ irú akọni bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàṣẹ pé obìnrin kankan kò gbọdọ̀ sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣa ọ̀dọ́kùnrin méjìlá pé kí wọ́n lọ gbẹ́ sàréè. Turgun wà nínú wọn. Ẹṣin wọn nìkan ló padà, wọ́n sì ti gé ìrù gbogbo wọn. Ẹṣin ẹni tó ti kú là ń gé ìrù rẹ̀. Wọ́n ti pa àwọn ọmọ náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ibi tí Ọba sùn sí. Gbogbo ibùdó ló mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló tó sọ ọ́?

Basik, àbúrò ọkọ Samura, wá bá a pé kó fọ́ dígí idẹ Turgun. Bí ènìyàn bá kú láàárín wa, a ó fọ́ dígí rẹ̀ sí méjì, ìlàjì fún sàréè, ìlàjì fún ilé, kí ẹni tó lọ lè mọ̀ pé òun ti lọ. Samura ní òun ò rí òkú kankan. Ó ní kí Basik lọ kọ́kọ́ fọ́ ti Emnak ọmọ tirẹ̀ ná, ṣebí òun náà bá wọn lọ. Basik yí padà lọ sí àgọ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni Turgun wọlé, tó jókòó sídìí ìkòkò ńlá bó ṣe máa ń ṣe. Aṣọ rẹ̀ ń rùn bí amọ̀ tútù. Samura bu wàrà ẹṣin fún un. Ó mu, ó mu, abọ́ náà ṣì kún. Ajá ilé jáde, kò sì padà wọlé mọ́. Samura rí gbogbo rẹ̀. Ó fi awọ dí ẹnu ọ̀nà àgọ́, kò sọ fún ẹnì kan. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ju ẹ̀rù lọ.

Èépá ti ń já lẹ́rẹ̀kẹ́ àwọn ọkùnrin yòókù, ti Turgun ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Samura nawọ́ láti nù ún. Ara ọmọ náà tutù bí omi odò.

“Ìyá mi, ó ti rẹ̀ mí.”

“Sùn, ọmọ mi.”

“Mi ò lè sùn. Dígí mi ṣì wà lódindi.”

Samura ní, “Ìwọ nìkan ni mo bí.”

“Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní sùúrù.”

Samura yọ dígí náà. Ó rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó rí ìkòkò, kò rí ẹni tó jókòó sídìí ìkòkò. Ó gbé òkúta, ó là á mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan nídìí ìkòkò, kò sí wàrà nínú abọ́ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó kán sórí awọ tí ọmọ náà jókòó lé ti gbẹ. Ó bú sẹ́kún, kò bìkítà ẹni tó pàṣẹ.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ nínú àgọ́ kejì: òkúta lórí idẹ, lẹ́yìn náà ẹkún. Ó tún gbọ́ ọ lápá odò. Gbogbo àgọ́ tí awọ ti dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n ti ń fọ́ dígí. Samura fara balẹ̀ kà wọ́n. Pẹ̀lú tirẹ̀, mọ́kànlá ni nínú méjìlá.

Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà Basik. Awọ dí i pinpin. Kó tó fọwọ́ kàn án, Basik ti rọra sọ̀rọ̀ láti inú.

“Ìyá Turgun, jọ̀ọ́, má wọlé. Emnak ń jẹun lọ́wọ́.”