Páswọ́ọ̀dù Tí Fúnmiọlá Ò Fẹ́ Dárúkọ

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1999 ni wọ́n rí ìwé ìdánwò tó jóná dé ìdajì nínú àgbá ìdọ̀tí, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ọ̀wọ̀. Yéè! Ìdánwò tí wọn ò tíì ṣe ni! Orí wáyà tẹlifóònù ni ìbéèrè náà gbà wọ inú kọ̀ǹpútà olùkọ́ láti Èkó. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà fi gba sátífíkéètì àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ olè.

Mùnírù tó ń ṣọ́ ọgbà ló máa ń dáná sun ìdọ̀tí, ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Kíá, àwọn ọlọ́pàá ti tì í mọ́lé.

Fúnmiọlá, olùkọ́ wọn, mọ̀ pé Mùnírù ò lè mọ páswọ́ọ̀dù òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Láníyì bi í pé kí ni páswọ́ọ̀dù ọ̀hún, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀. Ojú ń tì í. Obìnrin tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tilẹ̀kùn, tó wá fi okùn so tirẹ̀!

Lọ́jọ́rú, Láníyì kó gbogbo wọn jọ sí kíláàsì. Boniface, bàbá Fúnmiọlá, tóun náà jẹ́ ọ̀kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ọ̀hún, jókòó lẹ́yìn láàárín wọn. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni kí wọ́n tó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n mú Mùnírù wọlé pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́.

“Níbo lo wà láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi?” Láníyì bi í.

“Ìlú Ìpele ni, sà. Ìsọmọlórúkọ ni mo lọ. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, sà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.”

Láníyì yíjú sí Fúnmiọlá. “Àǹtí, kọ̀ǹpútà yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ṣí i, tí wọ́n tẹ ìbéèrè náà síwèé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹni náà tẹ páswọ́ọ̀dù, kò ṣì í. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Tẹ́ ẹ bá tún dákẹ́, Mùnírù ń lọ kóòtù lónìí.”

Fúnmiọlá wo ọwọ́ Mùnírù tó ti wú. “Àbẹ̀bí ni.”

“Oríkì?” ẹnì kan pariwo. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká má lo orúkọ wa!” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣe Fúnmiọlá bíi pé kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

“Ta ló ń fi pè yín?” Láníyì bi í.

“Ìyá mi, ará Ọ̀fà, ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kú. Ẹni tó kù tó ń…” Ìgbà yẹn ló tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Boniface dìde. “Èmi ni. Ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.”

“Mo ti ń fura, Bàbá,” Láníyì wí. “Ará ilé yín ní ẹ ò lọ Máàsì lọ́jọ́ Ìsinmi, pé orí ń fọ́ yín. Kọ́kọ́rọ́ Àǹtí sì wà nílé lórí tábìlì. Kìkì bí ẹ ṣe mọ páswọ́ọ̀dù ni kò yé mi.”

“Kí ló dé, Bàbá?” Fúnmiọlá bi í.

“Mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì níwájú àwọn ọmọ kéékèèké yìí. Ojú rẹ ni mi ò lè wò lẹ́ẹ̀kẹta.”

“Ẹ wá ń wo Mùnírù níran láti ọjọ́ Ajé?”

Wọ́n bọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́ Mùnírù, wọ́n fi de ọwọ́ Bàbá, wọ́n mú un jáde.

Fúnmiọlá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Mùnírù, lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. “Èmi náà dákẹ́ fọ́jọ́ méjì. Jọ̀ọ́, má bínú.”

“Ẹ dìde, Àǹtí,” Mùnírù wí, ó ń fọwọ́ pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ lọ wá nǹkan gbígbóná gbé tẹ̀ lé Bàbá. Wọn kì í fún èèyàn lóúnjẹ ní àgọ́ ọlọ́pàá.”