Ẹ̀rọ Méjì fún Gìtá Lábákẹ́

Gìtá ni ó pọn. Àjíṣafẹ́ gbójú sókè lórí rédíò tó tú palẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò PZ, ó sì rí ọmọbìnrin náà tó ń gba inú eruku ọyẹ́ bọ̀, gìtá lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ tútù, ọ̀já gbà á mọ́ra bí ọmọ oṣù mẹ́ta.

"Sannu da goyo, sìsí, o kú ọmọ pípọ̀n. Ṣé akọ ni àbí abo?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀gá. Ọyẹ́ yìí ló fẹ́ la igi rẹ̀. Wọ́n ní ẹ máa ń gba ohùn sílẹ̀."

Ọmọ́lábákẹ́ Oyèládé ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní ilé ìwé kan ní Muchia. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Kàdúná fẹ́ gbọ́ ọ. Bí téèpù rẹ̀ bá dé kí oṣù Jánúárì ọdún 1979 yẹn tó parí, tó sì dára, wọn yóò máa fún un ní ìdajì wákàtí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìṣòro kan ló wà. Lábákẹ́ a máa ta gìtá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí omi tó ń kán, lójijì a sì fi gbogbo ọwọ́ lù ú. Lórí téèpù, ariwo ṣíìì bo èyí tó kéré, èyí tó ga sì ń fọ́.

Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni oògùn rẹ̀, ẹ̀rọ tó máa ń di ohùn mú nígbà tó bá fẹ́ fò sókè. Àjíṣafẹ́ ní ńlá kan, tí ẹgbẹ́ olórin hòtẹ́ẹ̀lì kan tà nígbà tí wọ́n tú ká. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó tú u, ó dè é, títí ó fi yé e. Ó tàn án, gìtá sì kún gbogbo yàrá.

Ọjọ́ márùn-ún ni Lábákẹ́ fi ń wá lẹ́yìn ilé ìwé. Kò lè jókòó. Orí ìdúró ló ti ń ta gìtá. Á ṣí fèrèsé, á tì í, á tún ṣí i. Kó tó di aago mẹ́ta, etí Àjíṣafẹ́ á ti wà lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Àjíṣafẹ́ ní kó gbọ́ téèpù.

"Ta ló ń ta èyí?" ni Lábákẹ́ bi í.

"Ìwọ ni, ìyàwó ẹnì kan."

"Èmi kọ́! Ibi tí mo ti rọra àti ibi tí mo ti pariwo, ọgbọọgba ni wọ́n. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe mí nílé nìyí: jókòó, dákẹ́. Ó tiẹ̀ ti rí ẹnjiníà kan ní Kàdúná tó fẹ́ fi mí fún. Ẹ̀yin náà wá lọ fi ẹ̀rọ ṣe é."

Ó pọn gìtá rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan Àjíṣafẹ́, òun náà kò lè jókòó mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó lọ sí Sámárù, ó yá kọ̀mpírẹ́sọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Adégbénga. Ó mú téèpù ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ẹ̀rọ kankan kò tíì kàn, ó mú un gba inú méjèèjì kọjá. Síbẹ̀, ńlá ló dùn jù! Ó ṣe é ní kàyéfì, àfi ìgbà tó wo abẹ́rẹ́ tó ń fi gíga ohùn hàn. Ńlá yẹn kàn ń pariwo ju èkejì lọ ni. Ariwo ló ti ń tan etí rẹ̀ jẹ.

Ó dín in kù títí abẹ́rẹ́ méjèèjì fi dọ́gba, ó tún gbọ́. Ó wá hàn. Bí ohùn líle bá ti tán nínú ńlá, ariwo yàrá á ru sókè bí ẹni tó sáré tó ń mí hẹlẹ. Kékeré a jẹ́ kí ìró èékánná lára okùn kọjá ná, kó tó rọra di ohùn mú, á sì rọra tú u sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló gbé kékeré náà àti ẹ̀rọ téèpù lọ sí ilé Lábákẹ́ ní Danmagaji. Bàbá Oyèládé, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ rélùwéè, jókòó síwájú ilé. Àjíṣafẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ ni oní-rédíò? Ọmọ mi kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta."

Lábákẹ́ yọ sẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ṣi ẹ̀rọ mú ni. Jọ̀ọ́, ta ẹyọ orin kan péré."

Ó ta á, ojú rẹ̀ le. Ó dá a dúró láàárín. "Ó yá, ẹ tan ẹ̀rọ yín."

"Ó ti wà ní títàn látìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀."

Ó dá téèpù padà, ó jẹ́ kó gbọ́ ọ. Lábákẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi nìyí," ló wí. "Bọ̀dá Àjíṣafẹ́, èmi gan-an nìyí."

Bàbá wúkọ́. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣé gìtá nìkan lo bá wá?"

"Rárá, sà. Ọmọ yín ni mo fẹ́."

"Ẹni tó lè mú un jókòó ni mò ń wá. Ṣé o lè ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn tí ì bá rọrùn. Àjíṣafẹ́ mi orí. "N ò lè ṣe é, sà. N ò tiẹ̀ fẹ́ kó jókòó. Bó bá ń rìn kiri, màá máa sún àga kúrò lọ́nà fún un."

Lábákẹ́ ló kọ́kọ́ dá a lóhùn.

"Ìgbà wo làwọn òbí yín lè dé láti Ọ̀ffà?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ó pẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ kan."

"Lábákẹ́!" ni bàbá rẹ̀ pariwo. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Àjíṣafẹ́, ó sì mí kanlẹ̀. "Kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin Ọjọ́bọ̀," ló wí. "Kí wọ́n sì jókòó sí apá òsì. Oòrùn àárọ̀ kì í débẹ̀."