Eyín Tó Lọ, Eyín Tó Kù

Ìgò mẹ́ta ni Àtinúkẹ́ ti fi eyín ṣí kí wọ́n tó gbé ìkẹrin lé e lọ́wọ́. Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ̀yìn kíláàsì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé jọ sí lákòókò ìsinmi. Àwọn kan dúró lórí búlọ́ọ̀kù nítorí ẹrẹ̀, gbogbo wọn sì kọjú sí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún náà bí ẹni ń wòran ìjàkadì.

"Open am make dem see," Boma wí fún un. Ọmọbìnrin Okrika ni Boma. Òun àti Àtinúkẹ́ ni wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, òun ló sì ń sọ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pé kò sí ọkùnrin tó lè fi eyín ṣí ìgò mínírà bí ọ̀rẹ́ òun.

Eyín iwájú Àtinúkẹ́ ti ń ta á díẹ̀díẹ̀ láti àná. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọgbọ̀n èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́ pé òun kò ṣe mọ́? Ó fi ìdérí ìgò náà há abẹ́ eyín, ó sì tẹ ìgò wálẹ̀. Ìdérí fò, ariwo sọ. Ṣùgbọ́n Àtinúkẹ́ gbọ́ ìró mìíràn nínú orí ara rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìṣáná. Ó fi ahọ́n kàn án. Ìdajì eyín iwájú kan ti lọ. Ó pa ẹnu dé, ó rẹ́rìn-ín láìla ètè, ó sì lọ sí ẹ̀yìn ilé láti tu ẹ̀jẹ̀ dànù.

Ọdún 1969 ni. Port Harcourt ni wọ́n bí Àtinúkẹ́ sí, àmọ́ nígbà tí ogun dé, àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, jẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tí wọ́n ní kí ó padà wá bá wọn tún ilé iṣẹ́ ìfọpo tí ogun bà jẹ́ ṣe, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n sì gba ilé sí Rumuomasi, àdúgbò kan ní Port Harcourt. Ilé ẹ̀kọ́ tí Àtinúkẹ́ wọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí padà ni. Wọ́n ti bo òrùlé gbọ̀ngàn rẹ̀ tí bọ́ǹbù já, wọn yóò sì ṣí i ní òpin oṣù níwájú àwọn òbí àti àwọn èèyàn ìjọba. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, Àtinúkẹ́ ni olùkọ́ àgbà yàn láti ka ọ̀rọ̀ ìkíni. Ohùn rẹ̀ já gaara, ó sì ní èéjí tó ń mú kí ojú rẹ̀ tú ká bó bá ti la ẹnu.

Ìdí nìyí tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá rí ẹnu rẹ̀, wọn yóò yan ẹlòmíràn. Ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ béèrè, ó ní egbò ẹnu ni. Ìyá rẹ̀, Hannah, po omi iyọ̀ fún un, kò sì fura.

Ọjọ́ mẹ́rin ni eyín náà fi dùn ún gidi. Omi tútù kò ṣe é mu. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìrora náà dáwọ́ dúró lójijì. Àtinúkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó rò pé ó ti san. Kò mọ̀ pé ẹran inú eyín náà ló kú. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ètè rẹ̀ ti wú dé imú, ojú òsì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ìyá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó so gèlè, wọ́n sì gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń tọ́jú eyín níbẹ̀. Ogun ti kó irinṣẹ́ púpọ̀ lọ. Àga kan ló kù, àti ẹ̀rọ ìlu-eyín àtijọ́ kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nọ́ọ̀sì tó jókòó tì í jẹ́ obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, Ibiere ni orúkọ rẹ̀. Ó fi àga náà kọjú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ ẹnu aláìsàn.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kó jókòó," ó wí ní Yorùbá. Ó rí i pé ó yà wọ́n lẹ́nu. "Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé lọ́dọ̀ ìyá kan ní Èbúté Mẹ́ta. Bí mi ò bá sọ Yorùbá, kò sí oúnjẹ."

Ó fọ ọwọ́, ó fi díńgí kékeré wo ẹnu Àtinúkẹ́. "Kí ló ṣẹ́ ẹ?"

"Òkúta inú ìrẹsì ni, Sístà."

Ibiere kò bá a wí. Ó rọra sọ pé, "Òkúta kì í fi irú àpá yìí sílẹ̀ lára eyín kejì. Irin ló há a. Ọjọ́ mélòó?"

Omijé bọ́ lójú Àtinúkẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ìgò, ìpàtẹ́wọ́, egbò ẹnu tí kò sí. Hannah mí kanlẹ̀. "Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́," ó wí. "Àtinúkẹ́, èmi ìyá rẹ lo dákẹ́ fún."

Dókítà eyín, Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí, wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ká ní wọ́n mú un wá lọ́jọ́ tó ṣẹ́, òun ì bá fi oògùn dí ojú rẹ̀, òun ì bá sì fi ìbòrí tí wọ́n ń pè ní adé bò ó. Ní báyìí, eyín náà ti sán dé gbòǹgbò, ìdọ̀tí rẹ̀ sì lè gba ojú lọ sínú orí. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wíwú náà fà, wọ́n yọ eyín náà.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òmíràn sí i kó tó dọjọ́ náà," Àtinúkẹ́ bẹ̀bẹ̀ nígbà tó padà wá fún àyẹ̀wò.

"Èrìgì rẹ gbọ́dọ̀ jinná ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí a bá fi síbẹ̀ yóò máa yẹ̀," Ibiere dá a lóhùn. "Bí a bá fi àlàfo náà sílẹ̀ títí ayé, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa dà sínú rẹ̀. Nítorí náà, bó bá di oṣù kẹsàn-án, a ó ṣe eyín àtọwọ́dá fún ọ. Ó ní àwo pupa kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, wàá máa yọ ọ́ fọ̀ láràárọ̀ àti lálẹ́. Èyí tí a ń so mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́ tún wà, tí kì í ṣe é yọ. Ṣùgbọ́n a ní láti rẹ́ eyín méjì tó yè kí ó tó gbà, egungun ẹnu rẹ sì ṣì ń dàgbà. Ìyẹn di ìgbà tó o bá ti ju ogún ọdún lọ."

"Ẹ jẹ́ n sọ fún wọn pé kí ẹlòmíràn kà á, Sístà. Wọn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

 Ibiere yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ sẹ́nu, ó sì yọ àwo kékeré kan jáde. Eyín iwájú mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ń bá ohùn rẹ̀ jáde.

"Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìbọn ń dún, a sá wọ odò. Ọkọ̀ wa dojú dé, etí rẹ̀ gbá mi lẹ́nu. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi wà lábúlé kan láìní eyín iwájú. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu àwọn ọmọ tí ebi ti mú kí èrìgì wọn máa ṣẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tó wo ẹnu mi. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò." Ó fọ àwo náà, ó dá a padà sẹ́nu. "Ogun ló yọ tèmi. Tìẹ, ìgò mínírà ni. Ìyẹn ni kó o tijú, kì í ṣe àlàfo."

Àtinúkẹ́ kò lọ bá olùkọ́ àgbà mọ́ pé kí ó yan ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ ìṣílé, gbọ̀ngàn kún. Gbólóhùn kìíní tó jáde lẹ́nu rẹ̀ sú ìfé, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.  Ó dúró, ó rọra tún un kà, ó sì ka ìwé náà tán láìfọwọ́ bo ẹnu. Nígbà náà ló gbé ìwé sílẹ̀.

"Ẹ ti rí ẹnu mi," ó wí. "Ìgò ni mo fi eyín ṣí, kí ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tó ṣẹ́, mo fi pamọ́. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, eyín mi ì bá wà lẹ́nu mi. Ẹni tí nǹkan bá ń ṣe nínú yín, kó má ṣe bíi tèmi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, kí Ibiere tó ṣílẹ̀kùn, akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Boma ló wà níwájú. Ó ti ní eyín ẹ̀yìn kan tí kòkòrò ń jẹ fún oṣù mélòó kan, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ibiere ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, dókítà ń lu eyín, wọ́n nu inú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì dí i. Eyín Boma kò lọ. Ibiere wá kó gbogbo wọn jọ, ó kọ́ wọn bí a ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín dé àwọn eyín ẹ̀yìn, kí a tó sùn àti nígbà tí a bá jí. Ó ní kí wọ́n dín súìtì kù, kí wọ́n sì máa wá kí eyín tó dùn wọ́n, torí àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ní oṣù kẹsàn-án, eyín Àtinúkẹ́ dé. Ibiere ti ní kí wọ́n fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí èéjí rẹ̀ má bàa parẹ́. Àtinúkẹ́ wo díńgí, ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ibiere gbé e dìde. "Ó dára lóòótọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n kò ní mọ omi tútù yàtọ̀ sí omi gbígbóná. Bó bá fẹ́ bà jẹ́, kò ní ta ọ́ jí. Àwọn tí Ọlọ́run fún ọ ṣì kù lẹ́nu rẹ. Kò sí oníṣẹ́ tó lè ṣe irú wọn. Àwọn ni kó o máa tọ́jú."

Láti ọjọ́ náà, Àtinúkẹ́ kò fi ohun tó ń dùn ún pamọ́ mọ́, kò sì ba ohun rere tó ní jẹ́ nítorí ìpàtẹ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ìpàtẹ́wọ́ kì í pẹ́ tán nílẹ̀, ṣùgbọ́n ara ẹni ni a ó máa bá gbé.